Wọ́n wó àdúgbò, ohùn rẹ̀ bá a lọ: Bí ariwo dáńfó àti ọjà ṣe di àwo orin

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìjọba Burkina Faso wó àdúgbò kan palẹ̀ ní àárín gbùngbùn olú ìlú wọn, Ouagadougou. Zangouettin ni orúkọ rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ náà "zongo" ni orúkọ yìí ti jáde, ìyẹn ibùdó àwọn Hausa àti àwọn àlejò oníṣòwò mìíràn, ohun tí Yorùbá ń pè ní Sábó. Zangouettin àti àwọn àdúgbò kan tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n kó kúrò nílẹ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n ń pè ní ZACA, kí ilé ìtajà àti ọ́fíìsì lè rọ́pò ilé gbígbé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, iná tún jó Rood-Woko, ọjà ńlá tó wà láàárín ìlú náà. Ó di ọdún 2009 kí wọ́n tó ṣí i padà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ibi wọ̀nyí ṣe rí tẹ́lẹ̀ lè wá fọ́tò. Ó lè wá máàpù. Bí wọ́n ṣe ń dún ńkọ́? Fọ́tò kì í pariwo. Kò lè sọ fún ni bí ẹni tó ń ná ọjà ṣe máa ń ti inú èdè Mooré bọ́ sí Hausa kó tó parí gbólóhùn kan ṣoṣo, tàbí bí ìpè àdúrà ṣe máa ń pàdé ìró odó láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ní Èkó, níbi tí katakata ìjọba kì í ti í sinmi, ọkùnrin kan ti ń kó irú ohùn bẹ́ẹ̀ jọ láti ọdún 2008. Ó ti gbé wọn lọ sí ilé ọnà kárí ayé, ó sì ti fi wọ́n ṣe àwo orin méjì tí kò jọ fújì, tí kò jọ jùjú, tí kò sì jọ Afrobeats. Ìtàn bó ṣe ṣe é wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní ìlú tí wọ́n ń wó lọ́wọ́.

Àlejò tó fi etí ríran

Emeka Ogboh kì í ṣe ọmọ Èkó. Ọdún 1977 ni wọ́n bí i, ní Enugu, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka. Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òótọ́ nípa ojú. Ní ti etí, ó jọ pé àlejò ló ń gbọ́ràn jù, nítorí ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Òṣòdì ti gbàgbé pé ariwo kankan wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2008, Ogboh lọ sí Fayoum ní orílẹ̀-èdè Íjíbítì fún ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ọnà. Harald Scherz, ọmọ orílẹ̀-èdè Austria, ló kọ́ wọn níbẹ̀ pé èèyàn lè fi ohùn lásán ṣe iṣẹ́ ọnà bí àwọn mìíràn ṣe ń fi ọ̀dà ṣe é. Nígbà tó padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn Èkó sílẹ̀: inú bọ́ọ̀sì, inú ọjà, abẹ́ bíríìjì.

Àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ yẹn ló yẹ kéèyàn kíyè sí. Oṣù Kẹta ọdún 2008 kan náà ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ní BRT, wọ́n máa ń tò sórí ìlà, kò sì sí ẹni tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà tó ń fi gbogbo ọ̀fun pe orúkọ ibùdókọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola kó àwọn ọlọ́jà Òṣòdì kúrò lójú irin àti lójú títì, wọ́n sì wó ìsọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀ sí i, nítorí Òṣòdì ti di ibi tí ọkọ̀ kì í ti í kọjá, tí jàgùdà sì ń yọ́wọ́ sápò. Àwọn tí ìsọ̀ wọn lọ kò yọ̀. Ohun tó dájú ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ohùn Òṣòdì sílẹ̀ lásìkò Kérésìmesì ọdún 2008 ti di olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí, láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Mólúè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá báyìí, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó máa ń polówó oògùn àti àwọn tó máa ń wàásù nínú rẹ̀. Ní ọdún 2017, Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé òun fẹ́ kó dáńfó náà kúrò lójú pópó. Dáńfó kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ìkìlọ̀.

Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń ya máàpù pẹ̀lú ẹnu

Ẹ dúró lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ di ojú yín. "Yábàá, Yábàá, Yábàá!" "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Agbèrò ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì. Ẹnìkan nínú ọkọ̀ tó ti gbéra ń ké pé "Ó wà o!" nítorí ó ti fẹ́ kọjá ibi tó ń lọ. Oníbúrẹ́dì ń bọ̀, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ń sáré tẹ̀lé fèrèsé ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn gbogbo wọn.

Ohun tí iṣẹ́ Ogboh ń fi hàn ni pé kọ́ńdọ́kítọ̀ kì í kàn án pariwo. Máàpù ìlú ló ń yà pẹ̀lú ẹnu. Ẹni tí kò mọ ìwé kà, ẹni tó dé láti oko láàárọ̀ yìí, ẹni tí ojú ń dùn, gbogbo wọn lè tẹ̀lé máàpù náà dé ilé. Bí wọ́n bá mú ẹni tó ń ké e kúrò, tí wọ́n sì kọ orúkọ ibùdókọ̀ sórí pátákó, irú èrò kan yóò jàǹfààní, òmíràn yóò sì sọnù.

Ojúẹlẹ́gba yìí ni Ogboh gbé àwo orin rẹ̀ kejì lé lórí. Àwo náà kò ní orúkọ bí àwọn àwo yòókù. Òǹkà tí àwọn awakọ̀ òfúrufú fi ń mọ ibi tí wọ́n wà ló fi pè é: 6°30′33.372″N 3°22′0.66″E. Ẹni tó bá tẹ òǹkà náà sórí máàpù fóònù rẹ̀ yóò rí i pé oríta Ojúẹlẹ́gba ló gbé e lọ. Ojúbọ Ẹlẹ́gbára ni ibẹ̀ ti gba orúkọ, ìyẹn Èṣù tó ni oríta, kò sì sí ibi tó tún bá Èṣù mu jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo Èkó. Fela ti kọrin nípa oríta yìí nínú "Confusion" ní ọdún 1975. Wizkid náà fi orúkọ rẹ̀ pe orin ní ọdún 2014. Àwọn méjèèjì kọrin nípa Ojúẹlẹ́gba. Ogboh ní tirẹ̀ jẹ́ kí Ojúẹlẹ́gba fúnra rẹ̀ kọrin. "Verbal Drift" ni ọ̀kan nínú àwọn orin inú àwo náà ń jẹ́, òmíràn ń jẹ́ "Ayilara", orúkọ òpópónà kan tí gbogbo ẹni tó bá mọ Ojúẹlẹ́gba mọ ohun tó gbajúmọ̀ fún lálẹ́.

Àwo àkọ́kọ́, "Beyond the Yellow Haze", jáde ní ọdún 2021. Àwọ̀ ìyeyè dáńfó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìlù rẹ̀ kì í kánjú. Bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wúwo, ó ń lọ lábẹ́lẹ̀ bí ọkọ̀ tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ohùn àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ àti oníkiri ọjà sì ń yọ, wọ́n ń rì. "Danfo Mellow" wà níbẹ̀. "Palm Groove" náà wà níbẹ̀, àwàdà kékeré tí ẹni tó bá ti wọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú rí yóò gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

A-TON ló gbé àwo àkọ́kọ́ yìí jáde, ilé iṣẹ́ kékeré kan lábẹ́ Ostgut Ton, tí àwọn tó ni ilé ijó Berghain ní ìlú Berlin dá sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2021, Ostgut Ton ti kógbá sílé. Àwo kejì jáde ní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ tí Ogboh dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì gbé e jáde. Danfotronics ló pè é. Ẹni tó bá mọ dáńfó kò nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Iṣẹ́ yìí kò gba owó bí ó ṣe gba sùúrù. Àwọn tó ń ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan tó lè wọ àpò, wọ́n á sì fi fóòmù tàbí irun àtọwọ́dá bo ẹnu rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ ńlá kò dára ní ìgboro. Ẹni tó bá yọ máìkì gígùn jáde ní abẹ́ bíríìjì, agbèrò yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá oníròyìn ni, lẹ́yìn náà yóò bèèrè owó, àwọn èèyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí rédíò. Ohùn tí wọ́n wá kò sí níbẹ̀ mọ́.

Wọn kì í gba ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀. Wákàtí kan, wákàtí méjì ni wọ́n ń gbà, nítorí ohun tó dùn jù kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀. Bí wọn kò bá fún ohùn náà pọ̀, tí wọ́n gbà á bí àwọn tó ń ṣe síídì ṣe ń gbà á, ìṣẹ́jú kan yóò jẹ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 10. Wákàtí kan ju mẹ́gábáìtì 600 lọ díẹ̀. Fóònù olówó pọ́ọ́kú yóò kún kí ọjà tó tú.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, nílé, pẹ̀lú hẹ́dífóònù. Wọ́n á gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú wákàtí méjì, wọ́n lè rí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó wúlò: ilẹ̀kùn dáńfó tó ń já gbàgà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kékeré, ilẹ̀kùn tó tún já gbàgà. Wọ́n á gé e, wọ́n á so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè máa yí, ó ti di ìlù nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó dúró sójú kan ní ohùn tirẹ̀, bí ẹni tó fi imú kọrin, wọ́n á sì wá ohùn dùùrù inú kọ̀ǹpútà tó bá a mu. Ètò ìgé ohùn bíi Audacity ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó lówó ń lo Ableton Live.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé ìlànà tí wọ́n kọ ní Yúróòpù kì í sọ, tó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ fi ohùn Yorùbá ṣe irú orin yìí. Èdè wa èdè olóhùn ni. Ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ, ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọ̀kọ̀ sì wà lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gbé gbogbo ohùn kọ́ńdọ́kítọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́, nítorí òkè ṣì ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi Auto-Tune tẹ ohùn náà pẹrẹsẹ kó lè bá dùùrù mu, ó lè di pé ẹni tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ ti ń pe èrò sínú ọkọ́. Àwọn onídùndún ti mọ èyí tipẹ́. Mooré tí wọ́n ń sọ ní Ouagadougou náà èdè olóhùn ni, nítorí náà ìṣòro yìí kan náà ń dúró de ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ lọ sí Rood-Woko.

Àfikún kékeré kan: ìpè kọ́ńdọ́kítọ̀ ti jẹ́ ohun tó ń yí lójú kan kí ẹ̀rọ tó dé. Orúkọ kan náà, ìlù kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Kọ̀ǹpútà kàn ń ṣe àfarawé rẹ̀ ni.

Kì í ṣe àṣà òyìnbó

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé orin tí wọ́n fi ariwo ṣe jẹ́ àrà àwọn òyìnbó tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ìwé ìtàn orin sì máa ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, nítorí Paris ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ní ọdún 1948, nígbà tí Pierre Schaeffer, òṣìṣẹ́ rédíò, gba ariwo ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀, tó sì tò ó di orin.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọdún 1944, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íjíbítì kan tó ń jẹ́ Halim El-Dabh ti ṣe é ní Cairo. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́. Ó yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò kan, irú èyí tó ń gba ohùn sórí wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì wúwo bí àpótí irin. Ó gbé e lọ síbi zār, ayẹyẹ ìwòsàn tí àwọn obìnrin fi ń tu ẹ̀mí lójú, tí ẹni tó bá ti rí ibi tí òrìṣà ti ń gun elégùn yóò mọ irú rẹ̀. Ó gba orin wọn. Lẹ́yìn náà ó padà sí ilé iṣẹ́ rédíò, ó yọ ọ̀rọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn náà máa ta padà lára ògiri, títí ó fi ku kìkì ìró tó ń gbọ̀n. El-Dabh lọ gbé ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Kent State. Ó kú ní ọdún 2017, lẹ́ni ọdún 96. Ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi gbajúmọ̀ tó ti Schaeffer kò ṣòroó mọ̀.

Joseph Kamaru, ọmọ Nairobi tí gbogbo ayé mọ̀ sí KMRU, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí. Bàbá rẹ̀ àgbà, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, jẹ́ gbajúgbajà olórin Kikuyu. Àwo "Peel" tí ọmọ-ọmọ gbé jáde ní ọdún 2020 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2022, ó ṣe òmíràn, "Temporary Stored", èyí tó fi ohùn inú àpótí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí Tervuren ní Belgium ṣe, níbi tí ohùn àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lásìkò ìjọba amúnisìn wà.

Ta ló ni ohùn náà?

Iṣẹ́ KMRU yìí ló gbé ọ̀rọ̀ tó le jù dìde. Àwọn òyìnbó gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n gba ohùn, wọ́n gbé e lọ, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ olóhùn sílẹ̀ dáadáa. Ǹjẹ́ ẹni tó bá gba ohùn kọ́ńdọ́kítọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, tó sì tà á ní Berlin, yàtọ̀ sí wọn?

Ó yàtọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pátápátá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà sábà máa ń dáàbò bo ẹni tó kọ orin. Kò mọ ibi tí yóò fi ẹni tó ń pe "Yábàá" sí. Ní Burkina Faso, BBDA, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ti wà láti ọdún 1985, láyé ìjọba Thomas Sankara, ó sì ń gba owó fún àwọn olórin tó forúkọ sílẹ̀. Obìnrin tó ń polówó ẹ̀wà kò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpolówó rẹ̀ lè ní ohùn orin tó dára ju ti ẹlòmíràn tó ní káàdì lọ. Àwọn kan máa ń bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ bá hàn gbangba, wọ́n sì máa ń fún un lówó. Ìyẹn ló yẹ kó jẹ́ àṣà. Owó tó ń wọlé lórí irú orin yìí kò pọ̀ lóòótọ́: Bandcamp, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn olórin aládàáni ti ń ta àwo wọn, máa ń yọ 15 nínú 100 lórí orin tí wọ́n bá tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó kù fún olórin sì lè má ju owó epo ọ̀kadà lọ. Ṣùgbọ́n pé owó kéré kò sọ ohun olóhùn di tẹni tó gbà á.

Ogboh ti dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè yìí lọ́nà tirẹ̀. Ní ọdún 2016, ó ṣe "Market Symphony" fún ilé ọnà Áfíríkà tí Smithsonian ní ìlú Washington. Ohùn ọjà Balógun ló wà nínú rẹ̀. Kò gbé e sórí sípíkà aláràbarà. Orí àwọn àwo pẹrẹsẹ aláwọ̀ mèremère tí àwọn oníkiri máa ń gbé rù lórí ló gbé sípíkà náà lé, wọ́n sì kàn wọ́n mọ́ ògiri. Iṣẹ́ ohùn àkọ́kọ́ tí ilé ọnà náà rà kún ohun ìní rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wọlé kò lè gbàgbé pé orí èèyàn kan wà lábẹ́ àwo náà níbi tí ohùn ti wá.

Padà sí Ouagadougou

Ní ọdún 2015, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Venice tí olóògbé Okwui Enwezor darí, Ogboh kó àwọn ará Áfíríkà mẹ́wàá tó ń gbé ní Jámánì jọ, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì ní èdè abínibí rẹ̀. Yorùbá wà nínú èdè mẹ́wàá náà. Mooré náà wà níbẹ̀. Sípíkà wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Èkó àti Ouagadougou, nínú yàrá kan ní Ítálì.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe ti Ouagadougou ní Ouagadougou, ilẹ̀ ti pọ́n dè é. Àwọn Mossi ní bendre, ìlù igbá tí àwọn òkorin ààfin fi ń ka ìtàn ìran ọba, lẹ́sẹẹsẹ, bí onídùndún ṣe ń ki oríkì. Agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé Titinga Frédéric Pacéré gbà pé ohun tí ìlù ń sọ jẹ́ lítíréṣọ̀ tó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní yunifásítì. Ó fún ẹ̀kọ́ náà ní orúkọ, "bendrologie", ó sì kọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí abúlé rẹ̀, Manéga, tí kò jìnnà sí Ouagadougou. Kaito Winse, tó wá láti ìdílé àwọn akígbe-ọba ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ti kó ìlù àti fèrè rẹ̀ lọ sí Brussels, níbi tí òun àti àwọn olórin méjì ti dá Avalanche Kaito sílẹ̀. Wọ́n gbé àwo jáde ní ọdún 2022 àti 2024, gìtá àti ẹ̀rọ ń ké bí ìjì lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà kánjú ni ogun. Gẹ́gẹ́ bí òǹkà tí ìjọba Burkina Faso gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn èèyàn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ ni ìkọlù àwọn agbébọn ti lé kúrò nílé wọn. Abúlé mìíràn dákẹ́ pátápátá. Ìró kànga rẹ̀, ìró ọjà ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta rẹ̀, ìlù tí ó mọ orúkọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, gbogbo rẹ̀ wà lórí àwọn tó sá lọ sí ìlú ńlá, títí wọ́n yóò fi gbàgbé tàbí títí wọ́n yóò fi kú. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri ìgboro gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń nà án sí. Kò yẹ kó sún mọ́ bárékè.

Síbẹ̀, ohun tó wà nílẹ̀ láti gbà kò lópin. Ouagadougou kì í ṣe ìlú dáńfó, ìlú alùpùpù ni. Ìgbà kan wà tó jẹ́ mobylette P50 ló kún títì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kékeré, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti kòkòrò inú ìgò. Alùpùpù tó ń bọ̀ láti China ti ń lé e kúrò nílẹ̀, ohùn tiwọn sì nípọn. Ẹni ogójì ọdún ní ìlú náà lè di ojú kó sọ ọdún tí orin kan jáde nípa irú alùpùpù tó bá gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn obìnrin Brigade Verte náà sì wà, àwọn agbálẹ̀ aláṣọ àwọ̀ ewé tí Simon Compaoré dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ olórí ìlú Ouagadougou. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ ìlú náà jẹ́ erùpẹ̀ pupa, ìgbálẹ̀ wọn sì máa ń dún lórí títì kí ọjọ́ tó mọ́ tán: ṣà, ṣà, ṣà, ẹnìkan níwájú, ẹnìkan lẹ́yìn, tí wọn kò bára wọn dọ́gba. Nígbà tó bá fi máa di aago méje, alùpùpù ti bò ó mọ́lẹ̀.